Ọgbà Tí Kòkòrò Kì í Wọ̀

Kì í ṣe pé ọgbà ìyá ọkọ mi kò dára ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Dídára rẹ̀ gan-an ni. Ewé ẹ̀fọ́ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ihò kan ṣoṣo lára wọn. Ìgbín kì í kọjá lára elégédé rẹ̀. Tata kì í fò níbẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró láàárín ebè lọ́sàn-án gangan, èémí ara rẹ̀ nìkan ni ohun tó máa gbọ́ nínú ọgbà náà, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ ń pariwo lẹ́yìn ògiri, lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ibẹ̀ ni bàbá ọkọ mi ti ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ wó àtíbàbà iṣẹ́ náà, ó sì sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ọgbà.

“Baálé mi ló ń lé kòkòrò fún mi,” ni ó máa ń wí. “Nígbà tó wà láyé, kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé oúnjẹ mi. Ṣé ikú ló máa wá sọ ọ́ di ọ̀lẹ?”

A máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi àti ọkọ mi ní ìdí tiwa: a gbà pé oúnjẹ tó hù nítòsí ẹni sàn ju èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá nínú páálí. Èrò náà tọ̀nà. Àbùkù rẹ̀ ni pé a mọ ọwọ́ tó gbìn ín, a sì rò pé a ti mọ ilẹ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ mi tó oúnjẹ í tọ́ wò, ìyá ọkọ mi bẹ̀bẹ̀ pé elégédé òun ni kó kọ́kọ́ kan ahọ́n rẹ̀. Mo gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó se é, ó gún un kúnná, ó sì gbé ọmọ lé itan.

“Ọkọ mi kékeré, ẹ la ẹnu. Ẹ ò léyín, ẹ ò ní àwáwí.”

Ègé elégédé kan ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, níbi tí èèrà ń tò kọjá. Ọ̀wọ́ èèrà náà dé ibẹ̀, ó dúró, ó pín sí méjì, ó yí i po, ó sì tún pàdé níwájú.

“O rí i?” ni ìyá ọkọ mi wí wúyẹ́wúyẹ́. “Ó wà níbí.”

“Ta ni, Màámi?”

“Ta ni ìbá tún jẹ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Bí irin. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí tó bá ti ibi iṣẹ́ wọlé.”

Ṣíbí ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kan etí àwo.

Èèrà kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó tó. Ohun púpọ̀ ni èèrà máa ń yà fún. Ṣùgbọ́n ti irin lẹ́nu, ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n ńkọ́? Mo gba ọmọ lórí itan rẹ̀ kí ṣíbí tó dé e lẹ́nu, mo pọ̀n ọ́n, mo sì mú ọkọ́ lọ sí ìdí elégédé. N kò tíì gbẹ́ jìnnà tí ọkọ́ fi kan nǹkan líle. Àwọn òjé inú bátìrì ni, wọ́n dúdú, wọ́n tò léra wọn, gbòǹgbò elégédé sì dì wọ́n mú bí ìka ọwọ́.

Ìyá ọkọ mi ti tẹ̀lé mi pẹ̀lú àwo náà.

“Ibí ló máa ń da omi bátìrì sí,” ó wí. “Ó máa ń kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́.”

Àwa méjèèjì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wọ bàtà. Kò wọ bàtà rí nínú ọgbà náà.

“Ẹ mọ̀, Màámi, ẹ wá gbin oúnjẹ sí i?”

“Mo rò pé omi náà ti bá a lọ ni.”

Ọmọ na ọwọ́ sí àwo láti ẹ̀yìn mi. Ìyá ọkọ mi sún sẹ́yìn, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò.

“Ó ń lé wọn lóòótọ́,” ó wí jẹ́ẹ́. “Àwa nìkan la ò gbọ́.”

Ọjọ́ náà ni mo mú Màámi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣì ń tọ́jú oró òjé tó ti wọ ara rẹ̀. Nísinsìnyí, bí a bá lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, Màámi kì í béèrè bóyá ó tutù. Ohun tó máa ń béèrè ni ẹni tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, àti iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe.

“Ìyá, ẹ̀fọ́ lẹ fẹ́ rà àbí ẹ fẹ́ gbé ilẹ̀ mi níyàwó?” ni àgbẹ̀ náà wí lọ́jọ́ kan.

Màámi kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí àgbẹ̀ náà fi dáhùn.

A ti ti ọgbà Màámi pa. Elégédé tó kù níbẹ̀ ṣì ń tóbi sí i, kò sì sí ohun tó fẹ́ jẹ ẹ́.