Wọ́n ní wọ́n ti ra Adájọ́

Ẹ̀wù dúdú tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ni Tíṣà ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ààrẹ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Lánàá ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn adájọ́, sọ pé Ààrẹ kò gbọ́dọ̀ du ipò lẹ́ẹ̀kẹta.

Ojú Ààrẹ le koko. “Wọ́n ti fowó ra àwọn adájọ́ yẹn. Ọ̀tá yín ni wọ́n!”

Tíṣà pa áyọ́ọ̀nù. Lójú tirẹ̀, adájọ́ kì í ṣe Ọlọ́run; bí wọ́n bá ṣàṣìṣe, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ìyá wọn, ṣé Ààrẹ ò wá lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ ni?”

“Kó ní ìdájọ́ wa ò dáa, mi ò ní bá a jà. Kó tiẹ̀ tú u palẹ̀ lójú ayé. Àmọ́ ó ní a gba rìbá! Ta ló fẹ́ bá mi dá a lóhùn? Adájọ́ kì í lọ jà lórí rédíò.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n da ọ̀dà pupa sí géètì wọn. Àwọn ará àdúgbò ń wo Tíṣà bí ẹni ń wo olè. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n ju òkúta lu ọmọ wọn obìnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, níbùdókọ̀. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́.

Ààrẹ pe Adájọ́, ìyàwó Tíṣà, lórí fóònù. Abẹ́ Adájọ́ ni Ààrẹ ti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òṣèlú lásán ni. Èmi gan-an mọ̀ pé ẹ ò gba kọ́bọ̀.”

“Lọ sọ bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Háà, ẹ̀gbọ́n! Ta ló máa wá tẹ̀lé mi mọ́?”

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn Ààrẹ tún fi gbé ẹjọ́ náà gba ọ̀nà mìíràn wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ẹjọ́ ní kó máa du ipò rẹ̀ lọ. Adájọ́ wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ààrẹ yìn wọ́n títí, ó ní wọ́n ti gbọ́ ohùn aráàlú.

Tíṣà jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ìbéèrè kan wà lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá wọn, ẹ má bi mí,” ìyàwó rẹ̀ sọ, kò wojú rẹ̀. “Ọmọ kan ṣoṣo la bí.”