Orin Tí Àlájà Gbé Mì

Bí ẹ bá dé Ìkòtún, tí ẹ béèrè Àlájà Àmínát tó ń lé orin fún ẹgbẹ́ àsàlátù, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orin kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀, ó ń kọrin. Ó fẹ́ ṣàlùwàlá, orin á dúró díẹ̀, á sì tún padà dé. Mọ̀dínátù, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń bá a gbé, ohùn tirẹ̀ tún dùn ju ti ìyá àgbà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ti ń dùn. Bó bá ku òun nìkan nínú yàrá, Kùránì á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta jókòó síwájú rẹ̀ ṣá, òógùn á bo imú, ahọ́n á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

Lọ́dún tó kọjá tí ilé-kéú wọn ń ṣàjọyọ̀, wọ́n pè é síta kó wá kàwé. Ó dìde, ó la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Àlájà ò jẹ́ kó pẹ́. Ó gbé orin sókè, àwọn obìnrin gbè é, nítorí bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ẹni tó bá kọsẹ̀ nínú kíkà, wọ́n á fi orin bò ó láṣìírí. Kí orin tó parí, Mọ̀dínátù ti gba ẹ̀yìn jáde lọ.

Wàyí o, ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì, wòlímọ̀ ló sì máa ṣíwájú: ìyàwó á jókòó láàárín èrò, á ka Kùránì kí gbogbo ayé gbọ́, kí wọ́n tó sìn ín lọ ilé ọkọ. Mọ̀dínátù ní òun ò ṣe. Ó ní bí wọ́n bá fi dandan lé e, òun á wọkọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn òbí òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ọkọ máa wá ìyàwó kiri. Abdulganiyy, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe ní ibùdókọ̀ Pleasure, kò bínú. Òun ló gbọ́ nípa dókítà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tó ń tọ́jú irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, ló bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ.

Obìnrin ni dókítà náà, Tolú lorúkọ rẹ̀, kò sì tíì dàgbà púpọ̀. Ó béèrè orúkọ ọmọ, Àlájà dáhùn. Ó béèrè ọjọ́ orí, Àlájà dáhùn. Ó béèrè ohun tó ń dẹ́rù bà á, Àlájà bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà rọra rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ó wá gbé awò dúdú gbàǹgbà kan jáde, èyí tó ń bo ojú pátápátá. Àlájà ní kò sẹ́ni tó máa gbé ohun tí òun ò mọ̀ lé ọmọ òun lójú, kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí tòun. Wọ́n fi sí i. Ẹ wo èrò nínú awò náà, ní gbọ̀ngàn ńlá kan, wọ́n jókòó lórí àga, gbogbo wọn ń wò ó. Àlájà kúnlẹ̀ wọ́ọ́.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kí wọn lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọmọ ta nìwọ̀nyí tí wọn ò mọ ìkíni, jàre?"

Mọ̀dínátù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín nínú yàrá náà.

Dókítà ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ló yàwòrán àwọn èèyàn náà, òun fúnra òun ló sì ń darí wọn. Ó ní ẹ̀rù máa ń gùn, ó sì máa ń sọ̀. Ẹni tó bá sá nígbà tó gùn dé òkè, kò ní mọ̀ láéláé pé ì bá sọ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fi orin gba ọmọ náà sílẹ̀, wọ́n kàn ń bá a sá ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àlájà wọra, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Wọ́n gbé awò lé Mọ̀dínátù lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohùn rẹ̀ sì gé.

"Mélòó ni ẹ̀rù náà nínú mẹ́wàá?" Dókítà béèrè.

"Mẹ́sàn-án."

Ọwọ́ ọmọ ti ń lọ síbi awò. Àlájà ti la ẹnu, orin ti dé orí ahọ́n. Dókítà fi ìka bo ètè ara rẹ̀, ó sì ní kí Mọ̀dínátù dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó dúró. Ó di méje. Ó pẹ́ díẹ̀, ó di márùn-ún. Kò sẹ́ni tó fún un lóògùn, kò sẹ́ni tó gbá a mú. Ó kàn jókòó sínú ẹ̀rù rẹ̀ títí tó fi rẹ ẹ̀rù. Ẹnu ya Àlájà. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ. Dókítà ń fi èèyàn kún èèyàn nínú awò. Ó ní kí wọ́n wúkọ́, kí wọ́n yán, kí wọ́n máa tẹ fóònù, kí àwọn kan tiẹ̀ dìde jáde. Àlájà ṣàròyé pé kò sí ìkankan nínú wọn tó wé ìborùn.

"Màmá, ẹ̀rù ò béèrè aṣọ," Mọ̀dínátù fèsì láti abẹ́ awò.

Wọ́n fún un níṣẹ́ ilé pẹ̀lú: kó lọ bi ẹni tí kò mọ̀ rí léèrè ọ̀nà ní ibùdókọ̀ Command. Wọ́n fún Àlájà náà níṣẹ́: kó má ṣe bá a dáhùn mọ́. Ẹ bi mí, iṣẹ́ ta ló wúwo jù?

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Èrò kún abẹ́ kánópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Mọ̀dínátù jókòó lórí ẹní, Àfáà Táyéwò tó ń kọ́ ọ ní kéú ṣí Kùránì síwájú rẹ̀. Ó kà dé ibì kan, àga kan ṣubú lẹ́yìn gbàgà, ohùn sì gé.

Àwọn obìnrin yíjú sí Àlájà. Ìyá Ganiyat, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Àlájà, gbé e o."

Orin ti kún ọ̀fun rẹ̀. Ó fún tẹ̀súbáà mọ́ ọwọ́, ó fi eyín di etí ìborùn mú, ó mi orí.

"Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ó jókòó síbẹ̀."

Nínú ọkàn rẹ̀ ló ti ń ka iye ẹ̀rù ọmọ náà: mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje. Ìka ọmọ kò kúrò lórí ìwé, kò wo ẹ̀yìn, kò wá ọ̀nà àtisá. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ohùn náà jáde tín-ín-rín bí òwú. Ó nípọn díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣàn, ó sì kà á dé òpin.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àmín, Mọ̀dínátù wo iwájú, ó wá ojú ìyá àgbà rí láàárín èrò, ó sì na ìka mẹ́ta sí i. Ìyá Ganiyat béèrè ohun tí mẹ́ta jẹ́. Àlájà ò rí àyè dá a lóhùn, torí orin tó gbé mì ti ń bọ̀:

*Mo gbé e mì, mo gbé e mì,*
*Orin tó ń gún mi lọ́fun.*
*Ọmọ mi kà á délẹ̀ lójú ayé,*
*Ó tó kí n tú u síta.*

Mọ̀dínátù ló kọ́kọ́ gbè é.