Músù Ní Oríkì, Ìyàwó Kò Ní

Ní agbo ilé Bàbá Ògúnyẹmí ní Òkè-Onígbìn, músù kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè ní músù lásán. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Àmọ̀pé, ìyá àgbà ilé náà, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí òwúrọ̀ kan tí ẹranko náà kì í jókòó sí ìdí ààrò, kí ó fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀ láti etí dé ìrù. Àmọ̀pé ni ó mọ oríkì ilé náà ju gbogbo ènìyàn lọ. Bí àgbà bá kú, bí ọmọ bá dáyé, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ẹbí ń wò. Kí ó tó fi ẹnu kan ẹ̀kọ ní àárọ̀, yóò kọ́kọ́ kì músù rẹ̀:

“Àwẹ̀ró, a-fahọ́n-wẹ̀ má dé odò,
A-rìn-jẹ́jẹ́ bí ẹni tí yóò jọba.
Kò pọn omi, kò ra ọṣẹ, ara rẹ̀ ń dán;
Eku gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó gbàgbé ẹnu ihò.”

Ó ti di ọdún méjì tí Hàwáù wọ ilé náà gẹ́gẹ́ bí aya Ọládipúpọ̀, àbíkẹ́yìn Àmọ̀pé. Ọmọ Ṣàrẹ́ ni. Jiya ni bàbá rẹ̀, Tápà tí ó ń gbin ìrẹsì sí irà, tí ó sì ń tà á ní ọjà ibẹ̀. Kò ṣe aláìmọ àṣà. Ó mọ̀ pé ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tí ó bá nílé ọkọ ní orúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ní láti fún un ní orúkọ mìíràn. Nítorí náà ni ó ṣe ń pe ọmọ Janet kan ní Eyínfúnjowó, tí ó sì ń pe èkejì ní Adúmáadán. Janet yìí ni ìyàwó àgbà, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ilé náà, ó ṣe àṣìṣe kan. Ó rí músù nídìí ẹja, ó sì kígbe mọ́ ọn pé, “Àwẹ̀ró, kúrò níbẹ̀.” Àmọ̀pé gbé ojú sókè.

“Ìyàwó, ìwọ ni ó bá a níhìn-ín. Má pè é lórúkọ. Ọkọ rẹ ni.”

Janet rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá fẹ́ fi Hàwáù ṣe yẹ̀yẹ́, yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ onírù ti jẹun. Hàwáù náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń pe músù ní Onídìí-ààrò. Eré ni ó pè é. Nígbà tí yóò fi mọ̀, eré ti di òfin.

Ìyàwó Tápà ni Àmọ̀pé ń pe Hàwáù alára. Èyí kò dun Hàwáù, nítorí pé Tápà ni í ṣe ní tòótọ́. Ohun tí ó dùn ún dé ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí ó bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin.

Nínú ilé náà, bí a bá sọ ọmọ lórúkọ, a óò kì í ní ilé bàbá rẹ̀, a óò sì kì í ní ilé ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìyá àgbà yóò gbà á, tí yóò gbé e bọ́ sí àgbàlá kí ó fi oòrùn hàn án kí ilẹ̀ tó gbóná. Ní ọjọ́ kẹfà náà, Àmọ̀pé kó àwọn ìyàwó ilé jọ láti dán oríkì ọmọ náà wò. Janet béèrè ohun tí wọn óò sọ nígbà tí ó bá kan ilé ìyá ọmọ.

“Kí ni a óò kì níbẹ̀?” ni Àmọ̀pé wí. “Àpò ìrẹsì? Tápà kò ní oríkì. Ibi tí ti bàbá bá parí sí ni a óò dúró.”

Hàwáù gbọ́ ọ láti inú yàrá. Nígbà tí Ọládipúpọ̀ ti oko dé, ó rò ó fún un. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀: ìyá òun ti darúgbó, oríkì kì í sì í ṣe oúnjẹ. Hàwáù bi í pé, bí ó bá ṣe ti bàbá ni wọ́n fẹ́ gé dànù ńkọ́?

Ní ọjọ́ tí ó kù, Hàwáù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń wẹ ọmọ, ó ń fi òrí pa á lára, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ orin sórí.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ààfáà ṣe àdúà, ó pe ọmọ ní Rawdah. Bàbá Ògúnyẹmí, olórí ẹbí, fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. Àmọ̀pé sọ ọ́ ní Àyọ̀ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó ti orí bàbá ńlá tí ó kọ́kọ́ ṣán oko síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀, títí ó fi kan Ọládipúpọ̀. Níbẹ̀ ni ó pa ẹnu dé. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Gbé ọmọ wá.”

Hàwáù kò gbé ọmọ wá. Músù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Àmọ̀pé, ó ń fi ahọ́n wẹ ara. Hàwáù tẹjú mọ́ ọn.

“Àwẹ̀ró,” ni ó pè é.

Hàwáù kì músù náà, ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò fo ọ̀kan.

“O pe ọkọ rẹ lórúkọ,” ni Àmọ̀pé wí.

“Mo pè é, mà. Ìyá Àgbà, ta ni ó kọ́ yín ní oríkì rẹ̀?”

“Ta ni ì bá kọ́ mi? Ẹnu mi ni mo fi ṣe é.”

“Níbo ni wọ́n ti bí i?”

Àmọ̀pé kò mọ̀. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, nítorí pé Ọládipúpọ̀ ni ó gbé músù náà wálé nínú apẹ̀rẹ̀, ní ọdún tí ó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Ọládipúpọ̀ wo ilẹ̀, ó ní:

“Ṣàrẹ́ ni. Ìsọ̀ Bàbá Jiya. Orí àpò ìrẹsì ni ìyá rẹ̀ bí i sí.”

Janet fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde.

“Ilé kan náà ni àwa méjèèjì ti wá,” ni Hàwáù wí. “Òun dé ibí, ó di ẹni tí à ń kì. Bí ẹ bá lè fi ẹnu yín ṣe ti músù, èmi náà ní ẹnu.”

Ó gbé ọmọ lé èjìká, ó sì gbé ohùn:

“Èmi Hàwáù, ọmọ Jiya,
Ọmọ a-gbinrẹsì-sírà, omi kò gbé e lọ;
Ọmọ àpò gàgàrà tí ebi rí tí ó yà lọ́nà.
Èdè méjì ni mo ní lẹ́nu kan:
Mo fi ọ̀kan kí bàbá mi,
Mo fi ìkejì rọbí ọmọ yín.
Ẹ pè mí ní Tápà, mo jẹ́ ẹ. Tápà ni mí.
Ẹ pè mí ní aláìlóríkì, n kò jẹ́ ẹ láéláé.”

Janet ni ó kọ́kọ́ gbè é. Àwọn ìyàwó yòókù wo ojú ìyá ọkọ wọn, wọ́n sì gbè é pẹ̀lú. Bàbá Ògúnyẹmí ní, láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun kò rí ìyàwó tí ó kì ara rẹ̀ níwájú ẹbí rí. Ṣùgbọ́n òun kò rí ibi tí a ti ń kì músù rí pẹ̀lú, òun kò sì dá ẹni tí ó ń kì í lẹ́kun.

Oòrùn ti ń yọ lókè òrùlé. Àmọ̀pé na ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

“Gbé ọmọ wá, ìyàwó. Ilẹ̀ ń gbóná.”

“Ó ku ìdajì rẹ̀, Ìyá Àgbà. A kì í gbé ìdajì ọmọ.”

Àmọ̀pé kùn ún sínú pé, “Ọmọ Jiya.” Hàwáù kò mira. Arúgbó náà wo ọmọ, ó wo oòrùn, ó wo músù tí kò ka ẹnikẹ́ni sí. Lẹ́yìn náà ni ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì kì Àyọ̀ká ní ilé ìyá rẹ̀, láti orí irà ìrẹsì dé orí èdè méjì, pẹ̀lú ohùn tí àwọn ará ìta gbọ́. Ìgbà kan ṣoṣo ni ó ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ kò ṣì í. Nígbà tí ó dé òpin, kò lè ṣe kí ó má fi tirẹ̀ kún un:

“Ọmọ obìnrin tí ó di ọmọ mú, tí ìyá ọkọ kò rí gbà.”

Hàwáù kò bi í bóyá èébú ni tàbí ìyìn. Ó gbà á kún oríkì tirẹ̀, ó sì gbé odindi ọmọ lé e lọ́wọ́.