Ta Ló Lẹ̀jẹ̀ Yìí?

“Ọmọ mi, ta ló lẹ̀jẹ̀ yìí?”

Bàbá télọ̀ na fóònù rẹ̀ sí obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní yàrá iwájú ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà.

“Èsì àyẹ̀wò yín ni, bàbá.”

“Tèmi kẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo lóyún.”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, kó tó rí nọ́ńbà tí bàbá tẹ̀. Ẹyọ kan péré ló fi ṣì í. Oníkọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí. Òun ló ṣe ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ni ilé àyẹ̀wò náà, kí àwọn èèyàn má baà máa wá tò nítorí èsì. Tẹ nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì rẹ sínú fọ́ọ̀mù, èsì á yọ sí ọ. Ọkàn rẹ̀ kò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè tẹ nọ́ńbà ẹlòmíì.

“Ẹ má bínú, bàbá. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

“Èmi ò bínú. Mo ti gbàgbé orúkọ tí mo rí níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ojú ló ń gbàgbé.”

Ó tẹ èsì bàbá sórí bébà fún un. Bí bàbá ṣe jáde, ó ti fọ́ọ̀mù náà pa, ó ṣí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ máa ń ṣe nípa àwọn tó wọlé síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan ti tẹ nọ́ńbà mọ́kànlélógójì tẹ̀ léra wọn, kò fo ẹyọ kan. Èyí kúrò ní àṣìtẹ̀. Onítọ̀hún ń ti ilẹ̀kùn wò ni, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣí fún un.

“Tún un ṣe,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí nígbà tó dé tó gbọ́. “Bó o bá ti tún un ṣe, ta ló máa mọ̀?”

“Kí ọ̀sán tó pọ́n, màá ti tún un ṣe. Fọ́ọ̀mù á máa béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tá a bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ni èsì. Ẹni tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, á tì í síta. Èyí tó ti jò lọ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ó yẹ ká sọ fún wọn.”

“O fẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣera wa?”

“Ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n fún wa. Bó bá jẹ́ ti ìyàwó yín ni wọ́n kà ńkọ́?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ yàrá rẹ̀ lọ, àmọ́ kò pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí Oníkọ̀ǹpútà parí iṣẹ́, ó gbìyànjú láti tan fọ́ọ̀mù náà lóríṣiríṣi ọ̀nà. Fọ́ọ̀mù kọ̀ jálẹ̀. Ló bá mú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn mọ́kànlélógójì tó ti kọ sórí bébà méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ dúpẹ́. Ẹni kejì bú u bí ẹní láyin, Oníkọ̀ǹpútà ń wí pé “ẹ má bínú, sà” títí inú ìyẹn fi rọ̀. Ẹni kẹta jẹ́ obìnrin.

“Ìgbà wo ni wọ́n rí èsì mi?” ni obìnrin náà béèrè.

“Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mà.”



“Gbogbo wọn níbi iṣẹ́ mi ló gbọ́ nípa àìsàn mi. Bẹ́ẹ̀, àbúrò mi obìnrin nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ó sunkún, ó búra, mi ò gbọ́. Mi ò gbé ìpè rẹ̀ látìgbà náà.”

“Ẹ forí jì wá, mà.”

“Ìyẹn ò tíì yá.” Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ jẹ́ n gbé fóònù sílẹ̀. Mo fẹ́ pe àbúrò mi.”

Nígbà tí Oníkọ̀ǹpútà gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fa àga kan, ó jókòó tì í, ó sì mú ọ̀kan nínú bébà méjèèjì.

“Èyí, tèmi ni,” ló wí. Ó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó gbé fóònù sétí.