Àwọn Òkúta Tí Kò Dé Ẹnu Ẹ̀rọ

"Mẹ́ta péré, Màmá? Òkúta gbọọrọ mẹ́jọ ni mo gbẹ́ wá láti òkè Maikunkele o!"

Roseline gbé ìdí ńlá rẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà, ẹ má wò mí bí ẹni tó jẹ òkúta. Eyín mélòó ló kù lẹ́nu èmi ìyá arúgbó? Márùn-ún fọ́ nígbà tí mo ń fi ayùn gé orí wọn kó tẹ́jú. Wọ́n kàn ya bíi búrẹ́dì àná ni."

"Haba! Mẹ́ta náà tó." Uzair, ẹnjiníà ọ̀dọ́ náà, na ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Ẹ̀rọ ti tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fọ́, agbára wọn sì pọ̀ gan-an. Òun la ó fi mọ bí a ó ṣe gé òkè náà kí ọ̀nà lè kọjá. Ẹ gbá èérún yẹn dànù."

Roseline mú ìgbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló tún gbọ́ ọ: kó, kó, kó. Òòlù Oyèdìran. Láti àárọ̀ ló ti ń gbọ́ ọ lábẹ́ ariwo ayùn, tó ń bá ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé etí arúgbó ni, àbí kẹ̀kẹ́ jákujàku àwọn ará Bosso ló ń kọjá. Ṣùgbọ́n ó ti pa ayùn báyìí. Òòlù náà kò dákẹ́.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, òkúta mẹ́wàá ni wọ́n kó wá láti òkè mìíràn. Mẹ́fà fọ́ mọ́ Roseline lọ́wọ́. Ó gbá wọn dànù, ó kọ mẹ́rin tó le sínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Wọ́n gé òkè yẹn ṣánṣán bí ògiri ilé. Nígbà òjò, ó ya lulẹ̀ lé Oyèdìran lórí, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fọ́ òkúta níbẹ̀, ó sì pa á. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Roseline ló ṣe àmín tó ròkè jù.

"Màmá, ẹ ò tíì gbá a?"

"N kò ní gbá a. Bí tíṣà bá lé àwọn olódo sílé lọ́jọ́ ìdánwò, ṣé kó wá máa fọ́nnu pé gbogbo kíláàsì òun ló yege?"

Ó wá ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, láìfi ọ̀kan pamọ́. Uzair rọra jókòó.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ìwọ nìkan, ọmọ mi. Kọ ọ́ pé márùn-ún kò dé ẹnu ẹ̀rọ rárá. Sọ fún wọn kí wọ́n gé òkè náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

"Ọ̀gá máa bínú. Ọ̀nà á pẹ́."

"Kó bínú. Ìbínú kì í ya lu èèyàn mọ́lẹ̀."

Uzair fa bírò yọ. Roseline bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fọ eruku ọwọ́ rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ, Màmá?"

"Tudun Wada. Ọ̀dọ̀ Ìyá Mofọláyọ̀, ìyàwó Oyèdìran. Ó ti tó ọdún méje tó ti ń bu oúnjẹ fún mi bí ọ̀rẹ́. Kò mọ ẹni tó ń bọ́."

Níta, oníkẹ̀kẹ́ kan dúró. "Hajiya, ina za ki?" Ó ń fi Hausa bi í níbi tó ń lọ.

Roseline dárúkọ àdúgbò náà láìṣẹ̀fẹ̀, ó sì wọnú kẹ̀kẹ́.