Ẹni Tó Wá Bu Iná Kì Í Jókòó

Eérú ń bọ́ láti ojú ọ̀run, ó sì ti mu èèyàn dé orúnkún lágbàlá wa ní Ìgbẹ́tì, nígbà tí ìyá bàbá mi yọ orí lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ó ti kú tipẹ́. Aṣọ òfì tí a fi sin ín ló dà bora, eérú kankan kò sì bà lé e. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò ráyè ìkíni.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "iná ti kú lọ́hùn-ún. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá wá bù ú lọ́dọ̀ rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí n bá eérú."

"Ẹ wọlé, Ìyá Àgbà, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó."

"Ọ̀rọ̀ iná ni mo bá wá. Ẹni tó wá bu iná kì í jókòó. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Ó yọ orí rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, fèrèsé náà sì bá a lọ. Ògiri lásán ni mo bá níbẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà ayé rẹ̀, gbogbo agboolé ló mọ̀ pé Ìyá Àgbà kò lè pa iná mọ́ di ọjọ́ kejì. Ó mọ ọbẹ̀ sè, ó mọ aṣọ hun, ó mọ èèyàn bú débi pé ajá á jókòó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n iná kì í mọ́jú nínú ààrò rẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò gbé àpáàdì lọ sọ́dọ̀ orogún rẹ̀, Ìyá Látúndùn, ìyálé ilé, tí yóò kúnlẹ̀ tọrọ ẹ̀yín iná. Ìyá Látúndùn á ní, "Ṣé o tún dé?" Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó bú u ni, Ìyá Àgbà ìbá rí èsì fọ̀. Àwọn méjèèjì ti kú báyìí, ibì kan náà ni wọ́n sì wà. Mo ní kò sí ohun tí yóò mú kí ó tún gbé àpáàdì yẹn kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, níwọ̀n ìgbà tí èmi wà. Mo sọ ọ́ sókè ketekete. Àwọn ìkòkò tó wà lórí pẹpẹ ṣe àmín.

Níbi tí ààrò wa máa ń wà, ààrò onírin kan ló dúró síbẹ̀. Ó dúdú, ó sanra, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ló fi dúró. Ó ní ẹnu tí wọ́n fi gíláàsì dí, ó ní ihò imú nísàlẹ̀ tó fi ń mí, ọ̀fun rẹ̀ sì gùn gba inú òrùlé jáde. Àbúrò mi Oyèlàmí, tó jẹ́ wẹ́dà, ló jó o. Oyèlàmí ṣì wà láàyè, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o," ó ní. "Afárá irin kan, tó ní ihò wẹẹrẹ bí afárá oyin, wà lọ́fun rẹ̀. Èéfín ni afárá yẹn ń jẹ. Bó bá ti gbóná dáadáa, ẹ ti ọ̀fun náà, á máa jẹ èéfín, iná á sì sùn bí ọmọ tó yó. Bẹ́ ẹ bá tì í kó tó gbóná, èéfín á há a lọ́fun. Ó parí nìyẹn."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ṣé èmi kọ́ ni mo jó o ni?"

"Ìwọ náà lo jó géètì Pásítọ̀, tí wọ́n ń fi okùn so títí dòní."

"Géètì kì í ṣe ààrò, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fẹ́ jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nílé ìdáná. Àga náà sún sẹ́yìn, ó ní kì í ṣe Oyèlàmí ni òun ń dúró dè. Oyèlàmí bẹ̀ ẹ́, ó gbọn eérú ṣòkòtò rẹ̀ dànù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ṣí ẹnu ààrò. Ẹ̀yín iná díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo fi ọ̀pá irin wọ́ wọn wá síwájú, kí igi ńlá lè ríbi sùn lẹ́yìn. Àwọn igi wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aṣọ kan ni gbogbo wọn jọ dà bora. Mo ń fọwọ́ kan iwájú orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń yẹ ọmọ wò bóyá ara rẹ̀ ń gbóná. Ọ̀kan wúkọ́.

"Igi tútù ni mí," ó ní. "Mo kàn fẹ́ bá wọn lọ ni."

"Sùn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni tìrẹ."

Igi àràbà ń ṣe fújà pé kò sẹ́ni tó máa ń tètè jó bí òun. Mo ní a kò wá ẹni tó tètè ń jó, ẹni tí yóò mọ́jú là ń wá. Igi ayin kò sọ nǹkan kan ní tirẹ̀. Òun ni mo gbé. Ó wúwo lápá mi bí ọmọ tó ti sùn lọ.

Mo gbé e sẹ́yìn ààrò, iná sì ràn mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí ààrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

"Ti ọ̀fun mi," ó ní.

"O ò tíì gbóná."

"Mo gbóná."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Irọ́ ló ń pa. "Ìwọ ẹlẹ́nu gíláàsì yìí," mo ní, "èmi ni àpáàdì tó tó iná ko lójú. Jó kí n rí ọ."

Ó fi ìbínú jó. Igi ayin pọ́n yíká, iná sì wọ inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo gbọ́ tí afárá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bí oyin ṣe ń kùn nígbà òdòdó igi ẹmì, mo ti ọ̀fun náà. Gbogbo ilé dákẹ́.

Ilé ìdáná ti di kóòtù. Pẹpẹ ìkòkò ti ga di ibi tí adájọ́ ń jókòó, àwọn ìkòkò sì ti yọ orí wò mí láti òkè. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun jáde láti ara ògiri. Kò lẹ́sẹ̀, agbádá rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ó ní àwọn alága òkè ló rán òun, pé kí n pa iná, pé èéfín mi ń kó sójú àwọn ìràwọ̀.

"Èéfín wo?" mo bi í.

Ó gbójú sókè. Òrùlé ti di gíláàsì, a sì jọ ń wo ẹnu ọ̀fun náà lókè. Kò sí èéfín níbẹ̀. Afárá ti jẹ gbogbo rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n rí èéfín ni," ó ní.

"Ẹ padà lọ bá wọn, ẹ ní obìnrin kan ní kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn. Ẹni tó bá sì ń bọ̀, kó gbé igi tirẹ̀ dání."

Ojú tì í. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ títí ó fi ku agbádá nìkan, mo sì gbé agbádá náà kọ́ sórí ìṣó.

Mo wá kúnlẹ̀ ti ààrò, mo ń di ihò imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ tí a kò fẹ́ kó jí. Bí mo ṣe ń dì í ni ohùn rẹ̀ ń lọlẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "mo mọ ohun tó wà nínú rẹ. O fẹ́ kí ìyá yẹn jókòó."

Mo ń di imú rẹ̀ lọ.

"Bó bá bá mi láàyè, á bu iná, á sì lọ. Bó bá bá mi lókùú, á ní láti dúró títí wàá fi dá òmíràn. Á jókòó. Wàá rí i wò dáadáa. Di imú mi pa. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀, díẹ̀ ló sì kù. Àga náà ti na ọrùn, ó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti bá Ìyá Àgbà sọ pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè fi ìdúró sọ. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ni mo rí lójú mi, bó ṣe dúdú tó le bí ìdí ìkòkò, nítorí ìkúnlẹ̀ àràárọ̀.

"Bí o bá kú mọ́ mi lọ́wọ́," mo sọ fún ààrò, "màá tà ọ́ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọn á sì fi ọ́ ṣe ìdérí ṣalángá."

Mo fi ihò tín-ín-rín kan sílẹ̀ fún un, ìwọ̀n ibi tí èèrà lè gbà. Ààrò rẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn ń dán mi wò ni, ó sì sùn lọ.

Eérú ń ga sí i níta. Àwọn igi tó kù lórí bẹ́ẹ̀dì ń hanrun. Kóòtù náà súnkì títí ó fi bá mi lára mu bíi bùbá, mo sì jókòó sílẹ̀ nínú rẹ̀, mo ń wo gíláàsì. Ó pupa, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà ó dúdú. N kò rí nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀ ju ojú ara mi lọ.

Àkùkọ tí a ti pa jẹ nígbà Kérésì kọ lábẹ́ ìkòkò. Ilẹ̀ mọ́, abẹ́ eérú ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń jáde. Ìyá Àgbà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpáàdì rẹ̀.

Mo ṣí ọ̀fun ààrò, mo sì ṣí ẹnu rẹ̀. Eérú ló kún inú rẹ̀, ó funfun, ó tẹ́jú bí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Àgbà wò ó, ó wò mí. Ó da ojú àpáàdì dé.

"Kò burú," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ nígbàkígbà tí nǹkan bá burú.

"Ẹ dúró ná, mà. Lóòótọ́ ni iná tó kú ń feérú bojú. Ṣùgbọ́n òkú nìkan kọ́ ló ń daṣọ bojú. Ẹni tó ń sùn náà ń dà á."

Mo ti ọwọ́ bọ eérú náà, mo sì gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi ayin wà níbẹ̀ bí mo ṣe tẹ́ ẹ, ó ti di ẹ̀yín láti orí dé ẹsẹ̀, ó pọ́n bí ojú osùn. Ó la ojú, ó kí wa káàárọ̀.

Ìyá Àgbà fi ìka lásán mú ẹ̀yín iná tó tóbi jù, ó gbé e sórí àpáàdì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ó bi mí. "Ó dájú pé èmi kọ́."

"Ẹ̀yin kọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní kúnlẹ̀ fún Ìyá Látúndùn lónìí."

"Èmi? Iná rẹ̀ ló kú." Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ṣé mo sọ fún ẹ pé tèmi ni? Èmi tí n kò pa iná mọ́ láyé, ṣé ọ̀run ni màá ti wá kọ́ ọ? Tirẹ̀ ni. Kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ó káwọ́ sábíyá, ó jókòó síbẹ̀, ìtìjú ò jẹ́ kó lè jáde."

"Kí lẹ máa sọ fún un?"

"N kò ní sọ nǹkan kan. Màá gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, màá wò ó." Ó rò ó díẹ̀. "Màá wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà màá bá a fẹ́ iná náà títí yóò fi ràn."

"Ìyá Àgbà, ẹ jókòó díẹ̀."

"Àwẹ̀ró."

"Mo mọ̀, mà."

Ó kọjá sínú eérú, eérú sì là fún un. Àga náà dìde. Ó na ẹsẹ̀ kan tó ti kú tipiri, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láì tọrọ gáfárà, ó sì ń tẹ ibi tí Ìyá Àgbà ti tẹ̀ lọ.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n títí n kò fi rí nǹkan kan mọ́ ju ohun pupa kékeré kan tó ń lọ lórí funfun. Nígbà tó dé ìdí òkè, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó wálẹ̀ díẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó gbé iná dání bá jókòó.