Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́rùn Ọ̀gá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́ wa; èmi ni mò ń rán bọ́tìnnì sí i. Ogójì ẹ̀rọ ló wà nínú yàrá ńlá yẹn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn ọkùnrin tó ń bójú tó wa. Ìṣẹ́jú-Mẹ́ta ni a sọ ọ́, torí pé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló máa ń fúnni. Bó bá lé, orúkọ rẹ di ara pátákó, níbi tó kọ "Ọ̀LẸ" sí gàdàgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè gba ìtìjú. Ló bá fi omi mímu sílẹ̀, nínú ooru tó ń lẹ aṣọ mọ́ni lẹ́yìn. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Àbúrò mi, fi mí sílẹ̀," ló máa ń wí. "Òǹgbẹ ò pa mí rí."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó dìde, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń dàrú. Ọjọ́ márùn-ún ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí lórí pátákó, torí ọjọ́ márùn-ún tí kò fi wá.

Ó fi gèlè rẹ̀ nù ún kúrò. Ó bu omi, ó mu ún tán, ó nawọ́.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, sà."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ jókòó."

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Kò gbóhùn sókè. Èmi ni inú bí. Mo pa ẹ̀rọ mi, mo lọ dúró tì í, èmi náà nawọ́. Ìyá àgbà tó ń lọ aṣọ, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ká tó wí, ká tó fọ̀, gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ìtọ̀ ni, Mádàámù," ni Màmá wí. "Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́fà ló ń tọrọ àyè láti tọ̀."

"Mi ò mọ̀ rárá."

"Ẹ ò béèrè ni," ẹ̀gbọ́n mi fèsì. "Tiyín tó wà lókè, ẹnikẹ́ni ò tì í."

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n yọ àgádágodo, wọ́n já pátákó. Kí oṣù tó parí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kejì ti wà, omi tútù wà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá sì ń bá àwọn ọ̀gá ṣèpàdé lórúkọ wa. Wọ́n gbé Ìṣẹ́jú-Mẹ́ta lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, kó lọ máa pàṣẹ fún páálí.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Oògùn ló ń lò títí dòní. Wọ́n ní kí n gbàgbé, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lánàá, Ìṣẹ́jú-Mẹ́ta kí mi lẹ́nu géètì. Mo wojú rẹ̀ dáadáa, mo kọjá.